Wọ́n ti lé kóòṣì? Ẹ ṣọ́ra fáwọn àṣìṣe yìí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ

Tí yunifásítì kan bá ti lé kóòṣì bọ́ọ̀lù wọn ní Amẹ́ríkà (èyí tí wọ́n ń gbá mọ́yà sá lọ o, kì í ṣe ti Super Eagles), kílẹ̀ tó ṣú gbogbo wa á ti di ìgbìmọ̀ tó ń gbani síṣẹ́, ẹlòmíì tiẹ̀ á máa ṣọ́ bàálù tó balẹ̀ sílùú wọn bóyá kóòṣì kan ló wà nínú ẹ̀. Kò burú, ibẹ̀ ni ìgbádùn ẹ̀ wà. Àmọ́ àríyànjiyàn wa máa ń gba ibi tí ò yẹ.

Ẹ má sọ pé "ọmọ wa ni" kẹ́ ẹ fi ìyẹn parí ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ẹ wo Yunifásítì Nebraska. Scott Frost ni quarterback wọn (ẹni tó ń darí eré, tó ń ju bọ́ọ̀lù) nígbà tí wọ́n jọ pín ife 1997 pẹ̀lú Michigan, ó wá lọ kọ́ UCF (Yunifásítì Central Florida), wọn ò pàdánù kankan ní sáà 2017, 13-0 (wọ́n borí 13), ta ló fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n má mú un wálé? Ó délé, ó borí 16, ó pàdánù 31. September 2022 ni Georgia Southern lọ nà wọ́n 45-42 mọ́lé, ni wọ́n bá lé e lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ní sùúrù di October 1 ni, 15 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n máa san fún un torí pé wọ́n lé e kí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ tó pé ì bá já sí 7.5. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré o!

Owó náà ńkọ́? "Ẹ fún un ní iye tó bá fẹ́" máa ń dùn lẹ́nu torí kì í ṣe àpò wa. Jimbo Fisher gba ife ní Florida State, Texas A&M fún un ní 75 mílíọ̀nù fọ́dún mẹ́wàá, wọ́n tún sún kọ́ńtíráàtì ẹ̀ síwájú ní 2021, nígbà tó fi máa di November 2023 wọ́n ní láti san owó tó lé ní 75 mílíọ̀nù kó ṣáà lè máa lọ. Tẹ́ ẹ bá ti ń dárúkọ, ẹ máa bèèrè iye tí lílé ẹ̀ máa ná yín.

Ariwo náà wà níbẹ̀. Tennessee 2017, wọ́n fẹ́ mú Greg Schiano ṣe kóòṣì, àwọn èèyàn pariwo títí àdéhùn fi túká lọ́jọ́ kan náà, ọ̀gá eré ìdárayá yunifásítì náà tó ṣètò ẹ̀ gan-an ò lo ọ̀sẹ̀ yẹn tán lẹ́nu iṣẹ́. Ta ni wọ́n wá mú? Jeremy Pruitt, tí wọ́n lé ní 2021 nítorí ẹjọ́ NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì. Ariwo lè dí ọ̀nà mọ́ ẹnì kan, kò lè bá yín wá ẹlòmíì.

Èyí tó ń bí mi nínú jù sha ni "kò kọ́ ẹgbẹ́ ńlá rí." Curt Cignetti ti lé lọ́gọ́ta ọdún kí Indiana tó mú un ní 2023, àwọn yunifásítì kéékèèké bí IUP (ní Pennsylvania), Elon àti James Madison ló ti ń bọ̀, ó sì ń borí níbi gbogbo. Òun fúnra ẹ̀ sọ pé òun máa ń borí, kí wọ́n lọ Google òun. Wọ́n rò pé ó ń ṣe fọ́rífọ́rí, Indiana tó jẹ́ 3-9 di 11-2, ọdún kejì ẹ̀ wọ́n gba ife.

Bí kóòṣì tẹ́ ẹ fẹ́ bá sì ní òun ò lọ síbì kankan, ẹ má tíì pa orúkọ ẹ̀ rẹ́. December 2006 ni Nick Saban, tó ń kọ́ ẹgbẹ́ Miami Dolphins nígbà yẹn, ní òun ò ní kọ́ Yunifásítì Alabama, January 2007 ló gbaṣẹ́ ọ̀hún.