Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtàn Ayé Tí Omi Bò Mọ́lẹ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì wò kó tó dé ilé ìtẹ̀wé, mo sì fẹ́ràn ìtàn nípa ìkún omi tó gba gbogbo ayé gan-an ni. Owó tí àwọn òǹkọ̀wé tuntun ń ná dànù lórí rẹ̀ ló ń dùn mí. Wọn á ti sanwó fún ẹni tó ya èèpo ìwé, wọn á ti san ti ẹni tó ya máàpù, nígbà tí orí kìíní ò tíì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Èkínní, omi tí kò níbi tó ti wá. Bí gbogbo yìnyín orí ilẹ̀ bá yọ́ pátá, ti Antarctica àti ti Greenland pọ̀, òkun yóò fi nǹkan bíi 65 sí 70 mítà ga sí i. Ìyẹn tó láti gbé Shanghai àti Miami mì, ṣùgbọ́n ìlú La Paz ní Bolivia wà lókè tó lé ní 3,600 mítà. Kí omi tó bo Everest tó ga tó 8,849 mítà, omi tó ju ìlọ́po mẹ́ta gbogbo òkun la máa wá. Òjò kò lè ṣe é: bí gbogbo omi inú afẹ́fẹ́ bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní í jìn ju bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ kárí ayé.

Àwọn kan á ní omi wà nínú ikùn ilẹ̀, ní 410 sí 660 kìlómítà nísàlẹ̀. Òótọ́ ni, dáyámọ́ńdì kan láti Brazil gbé ẹ̀rí rẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Àmọ́ inú òkúta ni omi náà há sí, kì í ṣe adágún tí ẹnì kan lè dá ihò lu. Ẹ lè pilẹ̀ ohun tó wù yín, ìbáà jẹ́ yìnyín tó já láti ojú sánmọ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ kó yé wa, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn.

Èkejì, ìyára. Ní bíi 14,500 ọdún sẹ́yìn, òkun fi ó kéré tán mítà mẹ́rìnlá ga sókè láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, eré àsápajúdé sì nìyẹn lójú àwọn onímọ̀. Yìnyín kì í yọ́ tán lóru ọjọ́ kan.

Ẹ̀kẹta ni òùngbẹ, orí èyí ni mi ò ti lè pa ẹnu mọ́. Ìwé kan dé ọwọ́ mi, ìdílé mẹ́ta gbé orí ọkọ̀ fún ọdún méje. Wọ́n jà, wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n bímọ, kò sí ẹnì kan tó mu omi. Mo wá a láti ojú ìwé dé ojú ìwé, mi ò rí garawa kan. Nígbà tí mo bi òǹkọ̀wé náà, ó ní, "Ṣebí omi ló yí wọn ká." Omi òkun ni, ẹ jọ̀ọ́! Lítà kan rẹ̀ ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú. Kíndìnrín ènìyàn kò lè tọ irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde láìfi omi ara kún un, torí náà bí èèyàn ṣe ń mu ún ni ara rẹ̀ ń gbẹ sí i.

Ẹ wo ìtàn tí ẹ ń gbé jù sílẹ̀! Ta ló ni ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí wọ́n nà láti fi gbòjò? Òjò dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi tó kọ́kọ́ ṣàn sínú garawa níyọ̀, torí ìgbì ti ta iyọ̀ sára ọ̀rá náà. Ó yẹ kí wọ́n dà á nù. Ìyá ọlọ́mọ kan di garawa náà mú, ó ní òun ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ogójì ojú ìwé ìjà ìbọn kò tó ìyẹn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ se omi òkun kí wọ́n lè gba oru rẹ̀, kí ni wọ́n máa fi dáná? Pẹtiróòlù tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá?

Irin ń dípẹtà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa ha ọkọ̀ yẹn.

Ẹni tó bá pẹ́ láìrí èso tàbí ewé tútù jẹ, erìgì rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. James Lind, dókítà inú ọkọ̀ ojú omi, ti fi ọsàn tọ́jú àwọn atukọ̀ tó ní irú àìsàn yìí lọ́dún 1747, síbẹ̀ eyín àwọn akọni yín ń dán títí ìtàn fi parí.

Irúgbìn ńkọ́? Ilé ìpamọ́ irúgbìn tó wà ní Svalbard, ní Norway, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2008, ga ju òkun lọ ní bíi 130 mítà. Bí yìnyín nìkan ló yọ́, omi kò ní í dé ibẹ̀. Ẹ rán ọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Ó ku omi tó fà lójijì ní orí tó gbẹ̀yìn. Níbo ló lọ? Kí irú yìnyín bẹ́ẹ̀ tó tún kó jọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni. Bó bá tilẹ̀ fà, iyọ̀ ló máa fi sílẹ̀ nínú erùpẹ̀. Lẹ́yìn ìgbì ńlá ti oṣù Kejìlá ọdún 2004, iyọ̀ ba ọ̀pọ̀ oko jẹ́ ní Aceh, ní Indonesia. Òjò ló fọ̀ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ohun tí akọni yín gbìn ní ọ̀sẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ kò lè hù. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ sórí ilẹ̀ náà fún ọdún kan tàbí méjì ná, kí ẹ sì sọ ohun tí wọ́n ń jẹ títí dìgbà yẹn.