Bí Mo Ṣe Tún Ọ̀nà Kámẹ́rà Ṣe Nínú Blender Fún Ilé Kan Ní Ìbarà

Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán 3D, ni mo fi ṣe fídíò tó ń mú èèyàn rìn wọ inú ilé kan. Orí ilẹ̀ olókùúta ni ilé náà wà, ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta níbí. Èèyàn á gun àtẹ̀gùn mẹ́jọ láti ọ̀nà géètì kó tó wọ pálọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 15 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ga, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2. Nínú fídíò àkọ́kọ́, kámẹ́rà ń sáré, ó ń gbọ̀n níbi àtẹ̀gùn, ògiri sì ń ṣe bí ẹni fẹ́ wó. Bí mo ṣe to ọ̀nà kámẹ́rà àti ibi tó ń wò ló fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kókó 23 (àmì tó ń darí bí ìlà ṣe tẹ̀) ni mo bá lórí ìlà tí kámẹ́rà ń tọ̀. Mo yọ wọ́n títí ó fi ku 7, torí kókó tó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ ló ń mú kámẹ́rà rìn ségesège. Níbi àtẹ̀gùn, kókó kan wà nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ìlà sì dagun tààrà láàárín wọn, mítà 1.6 sókè ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó máa tẹ̀ lé àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan: ojú ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn kì í fò bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ fẹ̀ tó mítà 0.9, mo fi kókó kan síwájú rẹ̀, kan sẹ́yìn, kí ìlà lè gba àárín gbùngbùn kọjá. Mo tẹ Numpad 7 láti wò ó látòkè. Ìlà ti gé ògiri kọjá níbi kọ̀nà kíṣíìnì. Mo fa ọwọ́ kókó ibẹ̀ (ọ̀pá kékeré tó ń tẹ ìlà) títí àyè fi tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí ògiri.

Eré tí kámẹ́rà ń sá wá láti inú Animate Path, bọ́tìnì tó ń mú kámẹ́rà rìn lórí ìlà fúnra rẹ̀. Fírémù 100 (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò) ló máa ń fúnni. Bí fírémù bá jẹ́ 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlà náà, tó jẹ́ mítà 18, á parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 4, ìyẹn mítà 4.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan! Mo pa á rẹ́, mo tan Fixed Position nínú Follow Path (ètò tó so kámẹ́rà mọ́ ìlà) kí n lè fúnra mi pinnu ibi tí kámẹ́rà wà, mo sì tẹ Alt+G kí kámẹ́rà má bàa jìnnà sí ìlà.

Ibi tí iṣẹ́ ti dùn jù ni ibi tí kámẹ́rà ń wò. Mo mú ìlà gùn dé mítà 20, mo wá fi Empty kan (àmì tí kì í hàn nínú fídíò, tí kámẹ́rà á máa wò) sórí ìlà kan náà kó máa ṣáájú kámẹ́rà ní mítà 2. Offset kámẹ́rà (ibi tó dé lórí ìlà: 0 ni ìbẹ̀rẹ̀, 1 ni òpin) lọ láti 0 dé 0.9, ti Empty láti 0.1 dé 1, láti fírémù 1 dé 500. Báyìí, kámẹ́rà ti ń yíjú sí kọ̀nà kó tó débẹ̀. Mo yan keyframe méjèèjì (àmì ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìrìn), mo tẹ T, mo mú Linear kí eré má yí padà. Bí ó bá wà ní Bezier, àárín á yára, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin á sì máa fà.

Ti ògiri tó ń wó, Track To, ètò tó ń mú kámẹ́rà kọjú sí nǹkan kan, ló fà á. Ó ń gbé ojú kámẹ́rà sókè bí ọ̀nà bá ti ń gòkè, ògiri tó yẹ kó dúró ṣánṣán á wá dà bí èyí tó tẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi Locked Track, tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà yíjú sọ́tùn-ún sósì nìkan, sí Empty náà: -Z ni kó máa tọ́ka, Y ni kó tì, Rotation X jẹ́ 90. Mo pa Follow Curve, tó ń yí kámẹ́rà bí ìlà ṣe ń yí.

Mo wo gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú Viewport Render Animation (fídíò àyẹ̀wò tó ń yára jáde) kí n tó rẹ́ńdà, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà tó ya fírémù gidi. PNG, àwòrán kọ̀ọ̀kan fún fírémù kọ̀ọ̀kan, ni mo fi pamọ́, mo sì pa Overwrite, tó ń tún fírémù tó ti wà yà: bí fírémù kan bá gba ìṣẹ́jú 2, wákàtí 16 àti ìṣẹ́jú 40 ni fírémù 500, bí iná bá sì lọ láàárín, ibi tó dúró ló ti máa tẹ̀síwájú.