Kọ́ìlì kì í fò: bí mo ṣe ń ṣírò kọ́rẹ́ǹtì nígbà tí swíṣì bá yí

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni TIP120, transistor tó ń ṣiṣẹ́ swíṣì, ti jóná lórí bọ́ọ̀dù kan kí wọ́n tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa. Bọ́ọ̀dù tó ń ṣí fáàfù omi ọgbà tòmátì kan lọ́nà Dutse ni. Fáàfù yẹn ò ní àrùn kankan, bátìrì 12 fóltì rẹ̀ náà pé. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ṣé ká kúkú fi èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i?" Mo ní kó fi áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó waya pọ̀ sílẹ̀ ná, kó lọ mú bébà àti bírò wá. Ohun tí a kọ sórí bébà náà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí ìṣirò kan náà ni fún ríléè, fún mọ́tò kékeré, fún ohunkóhun tó bá ti ní kọ́ìlì, ìyẹn waya tí a ká yípo, nínú.

Ẹ kọ́kọ́ di èyí mú: kọ́rẹ́ǹtì inú kọ́ìlì kì í fò. Iye tó wà nínú rẹ̀ kí swíṣì tó yí, iye yẹn náà ló máa wà nínú rẹ̀ bí swíṣì bá ṣe ń yí tán. Tírélà tó kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Zuba kì í dúró lójú ẹsẹ̀ tí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Fóltéèjì ní tirẹ̀ lè fò bó ṣe wù ú. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ọ̀dọ̀ fóltéèjì ni mo máa ń rí tí wọ́n ń ṣìnà. Ọ̀dọ̀ kọ́rẹ́ǹtì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta péré lẹ máa wá. Kọ́rẹ́ǹtì ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn èyí tó wà nínú kọ́ìlì kí swíṣì tó yí. Kọ́rẹ́ǹtì ìparí, ìyẹn èyí tó máa wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti rọlẹ̀. Nígbà yẹn kọ́ìlì ti di waya lásán, ìdènà waya rẹ̀ nìkan ló kù. Ẹ̀kẹta ni τ (táò), àkókò tó ń sọ bí kọ́rẹ́ǹtì ṣe ń yára yí padà sí, tó jẹ́ L ÷ R: L ni bí kọ́ìlì ṣe ń kọ̀ tó kí kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ yí padà (hẹ́ńrì la fi ń wọ̀n ọ́n), R sì ni ìdènà. Lẹ́yìn náà (i(t) ni kọ́rẹ́ǹtì nígbà tí àkókò t bá ti kọjá lẹ́yìn tí swíṣì yí, e sì jẹ́ bíi 2.718):

i(t) = ìparí + (ìbẹ̀rẹ̀ − ìparí) × e^(−t/τ)

Tí τ kan bá kọjá, kọ́rẹ́ǹtì ti rin 63 nínú 100 ọ̀nà tó fẹ́ rìn. Tí mẹ́ta bá kọjá, ó ti rin 95. Tí márùn-ún bá kọjá, ẹ kà á sí pé ó ti débẹ̀.

Mítà lásán fi hàn mí pé ìdènà kọ́ìlì fáàfù náà jẹ́ 20 óòmù. L ni mítà mi ò lè wọ̀n. Mo so rẹsítọ̀ (ẹ̀yà tó ń dènà iná) 1 óòmù tẹ̀ lé kọ́ìlì náà, mo fi oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya fóltéèjì bí ìlà, wo fóltéèjì orí rẹsítọ̀ náà, tí iye rẹ̀ bá kọ́rẹ́ǹtì dọ́gba, mo sì tan swíṣì. Ìlà náà gun òkè bí ẹni gun òkè Aso, ó le níbẹ̀rẹ̀, ó wá ń tẹ́. Ní àárín ọ̀nà ó ṣe kòtò kékeré kan, kó tó tún máa gun lọ. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi rò pé àṣìṣe ni. Kì í ṣe àṣìṣe o! Irin inú fáàfù tí kọ́ìlì ń fà ló fò wọlé nígbà yẹn, L sì yí padà. Mo wá fi nǹkan há irin náà mọ́ inú kó má lè mì, mo tún tan án. Ó dé 63 nínú 100 ní bíi 4.8 mílísẹ́kọ́ǹdì. Ìlọ́po 21 óòmù (20 ti kọ́ìlì àti 1 ti rẹsítọ̀) àti 0.0048 fún wa ní 0.1 hẹ́ńrì.

Títan rẹ̀ rọrùn. Ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ òdo, ìparí jẹ́ 12 ÷ 20, ìyẹn 0.6 áńpù, τ sì jẹ́ 5 mílísẹ́kọ́ǹdì. (TIP120 fúnra rẹ̀ máa ń jẹ bíi fóltì kan, mo gbójú fò ó.)

R inú τ ló máa ń dààmú ènìyàn. Kì í ṣe rẹsítọ̀ tó bá kàn sún mọ́ kọ́ìlì, ìdènà tí kọ́ìlì fúnra rẹ̀ ń bá pàdé ni. Ẹ yọ bátìrì, ẹ fi waya dí àyè rẹ̀, kí ẹ wá ka ìdènà láti ojú kọ́ìlì. Mo fún ọmọ náà ní èyí: rẹsítọ̀ 10 óòmù wà láàárín bátìrì àti kọ́ìlì, ó ti pẹ́ tí iná ti ń ṣàn, swíṣì kan wá so 10 óòmù mìíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì. Ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 12 ÷ 30, ìyẹn 0.4 áńpù. Lẹ́yìn swíṣì, 10 àti 10 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn di 5, a fi 20 ti kọ́ìlì kún un, ó di 25. 10 méjèèjì pín 12 fóltì sí méjì, bátìrì náà wá dà bí 6 fóltì lójú kọ́ìlì. Ìparí jẹ́ 6 ÷ 25, ìyẹn 0.24 áńpù, τ sì jẹ́ 4 mílísẹ́kọ́ǹdì.

Ẹ wá wo fóltéèjì orí kọ́ìlì. 8 fóltì ni tẹ́lẹ̀. Bí swíṣì ṣe yí, ó já sí 4 lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá ń rọra gòkè lọ sí 4.8. Kọ́rẹ́ǹtì ò fò rárá ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é lórí bébà kó lè dá yín lójú.

Ó ku pípa, ibẹ̀ ni TIP120 ti ń kú. 0.6 áńpù wà nínú kọ́ìlì, a pa swíṣì, kò sí ọ̀nà mọ́. Kọ́ìlì á gbé fóltéèjì sókè títí tó fi máa fipá la ọ̀nà, àárín transistor ló sì máa ń là á gbà. Dáyódù (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì gba apá kan ṣoṣo) tó wà nínú TIP120 ò lè gbà á là, torí kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì ló wà. Tí a bá fi dáyódù sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì, kọ́rẹ́ǹtì á rí ibi yípo, àmọ́ τ ṣì jẹ́ 5 mílísẹ́kọ́ǹdì, fáàfù á pẹ́ díẹ̀ kó tó pa. Tí a bá fi rẹsítọ̀ 180 óòmù sí i, τ á já sí ìdajì mílísẹ́kọ́ǹdì, ṣùgbọ́n 0.6 × 180 jẹ́ 108 fóltì. Ẹ fi 12 ti bátìrì kún un, 120 nìyẹn, TIP120 ò sì lè gbà ju 60 lọ. TIP122 tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ń wò, 100 ni tirẹ̀.

Rẹsítọ̀ 47 óòmù la fi sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì, pẹ̀lú dáyódù tó tẹ̀ lé e kí rẹsítọ̀ náà má baà máa jẹ iná nígbà tí fáàfù bá wà ní títàn. 0.6 × 47 jẹ́ 28.2, ẹ fi 12 àti ti dáyódù kún un, bíi 41 fóltì. τ jẹ́ 0.1 ÷ 67, ìyẹn mílísẹ́kọ́ǹdì kan àtààbọ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ló jó o pọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó pa swíṣì, tó rí i tí ìlà náà ta sókè, tó dúró lẹ́bàá 40, tó sì sọ̀ kalẹ̀, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 41 tó wà lórí bébà, ó sì fi ìwé ìròyìn wé bọ́ọ̀dù náà fún oníbàárà.