Bí mo ṣe mú kí zobo àti ẹmu dúró lọ́tọ̀ nínú ife

Àbúrò mi tó ti Lọ́ńdọ́nù wá sí Kábà ní kí n po ọtí tó ń dẹ́rù bani fún òun, torí Halloween, ọdún àwọn òyìnbó tí wọ́n fi ń múra bí iwin, ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà. Mo fẹ́ kí zobo pupa bí ẹ̀jẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹmu funfun bò ó bí ìkuukùu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dàpọ̀, gbogbo ẹ̀ wá pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ṣúgà ló yanjú ẹ̀. Mo se ife zobo kan pẹ̀lú ife ṣúgà kan títí ó fi ki bí oyin, mo jẹ́ kó tutù pátápátá. Ohun tí ṣúgà rẹ̀ bá pọ̀ máa ń wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń wà. Ẹmu ìrọ̀lẹ́ tó ti kan díẹ̀ ni mo lò, torí púpọ̀ nínú ṣúgà tiẹ̀ ti di ọtí. Ti àárọ̀ ṣì dùn jù. Mo bu ṣíbí zobo méjì sísàlẹ̀ ife gíláàsì, mo kó yìnyín lé e, mo dojú ṣíbí dé orí yìnyín náà, mo wá ń rọra da ẹmu sẹ́yìn ṣíbí.

Ó dúró! Pupa náà ń yọ́ gòkè díẹ̀díẹ̀, tín-ín-rín bí òwú. Àbúrò mi gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀, ó ní, “Yéè, ẹ̀gbọ́n mi!”

Wàrà àgbọn ni mo fi ṣe tàwọn ọmọdé.