Bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "intense"

Ọmọ kan tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé gàrí ìyá òun "is intense". Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ohun tó ní lọ́kàn yé mi yékéyéké: gàrí náà kan, bó ṣe yẹ kí gàrí Ìjẹ̀bú kan. Ọ̀rọ̀ tó lò gan-an ni kò bọ́ sí ibi tó yẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ báyìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́

Inú èdè Látìn ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí kí a na nǹkan, kí a fà á le. Ẹni tó bá ti wo onígángan lẹ́nu iṣẹ́ ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tán. Ìlù kan náà ló wà ní abíyá rẹ̀. Igi kò tóbi sí i, awọ kò fẹ̀ sí i. Ó kàn fún ọṣán, okùn awọ ara ìlù náà, mọ́ra ni, ohùn sì ròkè. "Intense" kì í sọ pé nǹkan pọ̀. Ó ń sọ pé ọṣán rẹ̀ fún.

Ẹ mú ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Èrò tó kún iwájú ààfin Awùjalẹ̀, "huge crowd" ni, nítorí pípọ̀ ni wọ́n pọ̀. Ooru tó ń mú wọn lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan, "intense heat" ni. Bí régbérégbé (ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà) kan kò ṣe fẹ́ kí èkejì fi aṣọ ta á yọ, "intense rivalry" ni, kódà bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ méjì péré ni wọ́n ń bá ara wọn díje.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ sọ ìṣe di orúkọ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ síbẹ̀. Nínú Yorùbá, nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀: oòrùn ń mú, ata ń ta, orí ń fọ́, gàrí kan, aṣọ pọ́n fòò. Gẹ̀ẹ́sì á kọ́kọ́ sọ ohun tí ara tàbí ọkàn ń mọ̀ yẹn di orúkọ, á wá fi "intense" ṣíwájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi í ṣáájú ohun tó gbé adùn tàbí ìrora náà dání. Ẹ fi í ṣáájú adùn tàbí ìrora fúnra rẹ̀. Mú di "heat", fọ́ di "pain", kan di "sourness". Ọmọ mi tún tirẹ̀ kọ: "My mother's garri has an intense sourness." Mo fún un ní máàkì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "very sour" ni èmi ì bá kọ.

Ẹni tó ń kọ̀wé nípa ogun Ìmagbọ̀n, nígbà tí àwọn Òyìnbó gbé ìbọn Maxim wá bá Ìjẹ̀bú ní oṣù Karùn-ún 1892, lè kọ "intense fighting". Ìjà náà ló le, ọ̀rọ̀ náà sì wà nídìí ìjà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wò ó bóyá nǹkan náà ti ní ẹnìkejì

Òjò ti ní "heavy". Bẹ́ẹ̀ náà ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ ní ìkóríta Ṣágámù. Atẹ́gùn àti tíì, "strong" ni. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ máa ń sọ "intense rainfall" bí òjò púpọ̀ bá dà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ sì rí i pé ọ̀rọ̀ ọṣán náà ni.

Níwájú dókítà, "severe pain" ló wọ́pọ̀ jù. Ohun búburú nìkan ni a sábà ń lo "severe" fún. "Intense" ń bá ayọ̀ lọ pẹ̀lú: "intense joy".

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ó bá kan ènìyàn

"She is intense" kò sọ pé ó lágbára, kò sì sọ pé ó burú. Ẹni tí kì í fi ohunkóhun ṣeré ni, tó máa ń tẹjú mọ́ni bí ó bá ń sọ̀rọ̀, tí àwàdà kì í tètè wọ̀ létí. Bí Òyìnbó bá sọ fún yín pé ẹ jẹ́ "a bit intense", ẹ má dúpẹ́. Ó ń fi ọgbọ́n sọ pé kí ẹ dẹ ọṣán díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: "intensive" yàtọ̀

Iṣẹ́ tàbí ìtọ́jú tí a fún pọ̀ mọ́ra ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: "intensive course", "intensive care". Ẹ má kọ "intense care".

Ó ku bí a ṣe ń pè é. Ohùn wálẹ̀ lórí "in", ó ròkè lórí "tense": dò, mí. Ẹ pè é bí ẹ ṣe ń pe ìlú tí à ń gbé, kì í ṣe bí ìlù tí à ń lù.