Ìrírí mi: bí mo ṣe dá láptọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù mi padà sí Windows 10

Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń jẹun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí, mo máa ń bá èèyàn tẹ ìwé, mo ń ṣe fọtokọ́pì, ṣùgbọ́n ibi tówó ti ń wọlé jù ni ètò ìsìn, tòkú, tìgbéyàwó, tìsọmọlórúkọ, èmi ni mo máa tẹ̀ ẹ́, tí mo máa to fọ́tò sí i, tí mo máa prínt ẹ̀, tí mo máa ká a. Láptọ́ọ̀pù yẹn ti dàgbà díẹ̀. Prósẹ́sọ̀ Intel ìran keje ló ní, RAM ẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, ò ju 4GB lọ, hard disk tó ń yí ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe SSD, ìyẹn irú tí kì í yí tó sì yá jù ú lọ. Windows 10 ló bá dé ọwọ́ mi, ó sì ń bá mi ṣiṣẹ́ láìyọ mí lẹ́nu.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ní òun á bá mi gbé e sí Windows 11, pé ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń lọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé láptọ́ọ̀pù mi ò kúnjú ìwọ̀n. Àtìgbà tí Windows 11 ti jáde ní 2021 ni Microsoft ti sọ pé prósẹ́sọ̀ Intel gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ sókè, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje, kí ẹ̀rọ náà sì ní TPM 2.0, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò nínú kọ̀ǹpútà. Bọ̀ọ̀dá yìí mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń fo àyẹ̀wò yẹn, ó sì fò ó. Èmi náà gbà, mi ò bi í ní nǹkan kan.

Nígbà tó parí, láptọ́ọ̀pù ò yá mọ́. Tí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kí n to bébà, kí n kí àwọn ará ẹ̀gbẹ́ mi kí n tó rí i kó ṣí tán. Fáìlì tó ní fọ́tò mẹ́wàá ò ṣeé fà sókè fà sílẹ̀. Prínítà mi ló wá dùn mí jù, torí ògbólógbòó ni, draiva ẹ̀, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá a sọ̀rọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kọ̀, kò dáhùn mọ́. Mi ò sọ pé Windows 11 ò dáa o, mo ti rí i lórí ẹ̀rọ tó lágbára, ó ń sáré bí nǹkan míì. Ẹrù yẹn ló wúwo ju orí tí wọ́n gbé e lé lọ.

Mo fara dà á. Mo ní bóyá ó máa mọ́ra. Àfìgbà tí ìyá kan wá ní Ọjọ́bọ̀ pé àìsùn bàbá àwọn ni ọjọ́ kejì, pé àwọn fẹ́ igba ẹ̀dà ètò ìsìn, ojú ẹ̀ ti wú fún ẹkún, mo ní kó fọkàn balẹ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo gbé fáìlì yẹn sínú fláàṣì lọ prínt níbi ọ̀rẹ́ mi kan, gbogbo èrè tó yẹ kí n jẹ, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo kó o sí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé Windows 10 ni mo ń padà sí.

Mo kà pé ọ̀nà ìrọ̀rùn wà. Ẹ máa wọ Settings, ẹ tẹ System, ẹ tẹ Recovery, ẹ máa rí bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ "Go back" sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, á bi yín ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ padà, ẹ mú èyíkéyìí, á tún ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo bóyá update wà, ẹ sọ pé rárá, ó máa padà fúnra ẹ̀, fáìlì yín ò sì ní lọ síbì kankan. Inú mi dùn, mo sáré lọ síbẹ̀, bọ́tìnì yẹn ti kú, kò ṣeé tẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n fún èèyàn! Tẹ́ ẹ bá gòkè láti 10 sí 11, ẹ̀rọ máa ń kó Windows àtijọ́ yẹn pa mọ́ sínú fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old nínú C, ìyẹn apá hard disk tí Windows wà, fódà yẹn ni "Go back" máa ń lò láti fi padà. Tó bá ti pé ọjọ́ mẹ́wàá, á pa fódà yẹn rẹ́ kí àyè lè gbà, kò sì ní sí ohun tó máa padà sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́ ẹ bá lọ fi Disk Cleanup pa á rẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Èmi, ọjọ́ kejìdínlógún ni mo wà. Ó dùn mí gan-an, torí tí bọ̀ọ̀dá yẹn bá ti sọ fún mi ni, láàárín wákàtí kan ni mi ò bá ti parí ọ̀rọ̀ yẹn.

Bí mo ṣe mọ̀ báyìí ni mo dìde lọ bá àǹtí aránṣọ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, torí bọ̀ọ̀dá kan náà ló ṣe tiẹ̀, ó sì ti ń ráhùn. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni wọ́n ṣe tiyín?" Ó ní Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ kẹrin rèé. Mo bá a tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun méjì ni mo kọ́kọ́ bi í: ṣé ó rántí páswọ́ọ̀dù tó ń lò ní Windows 10, torí òun ló máa bèèrè tó bá padà, àti ṣé ó ti fi ápù tuntun kankan sí i láti Ọjọ́ Ajé yẹn, torí ìyẹn máa lọ. Kò fi nǹkan sí i. A kó ìwé ìṣirò oníbàárà ẹ̀ sínú fláàṣì fún ìfọ̀kànbalẹ̀, a ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí aago ìkírun ọ̀sán tó lù ó ti padà, gbogbo nǹkan ẹ̀ wà níbi tó fi wọ́n sí.

Tèmi wá di kí n nu gbogbo ẹ̀ kúrò, kí n tún Windows 10 gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo ti lo àsìkò jù nìyẹn, mi ò sì kábàámọ̀, torí kíkó ẹrù jáde nílé ṣáájú ni gbogbo iṣẹ́ yẹn. Mo yá hard disk ìta lọ́wọ́ àbúrò mi. Desktop, Documents, Downloads, Pictures, gbogbo ẹ̀ ni mo kó, inú C ni wọ́n wà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú tábìlì la ti ń rí wọn. Mo wá rántí fọ́ǹtì! Ẹni tó bá ń tẹ Yorùbá mọ ohun tí mò ń sọ, àwọn fọ́ǹtì tó ń gbé àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ dáadáa, tí kì í sọ ẹ́ àti ọ̀ di àpótí kékeré, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kó wọn jọ. Inú C, Windows, Fonts ni wọ́n máa ń wà, tí èèyàn bá nu C láìkó wọn, ó di àwátì. Mo kó gbogbo ẹ̀. Mo kọ páswọ́ọ̀dù ímeèlì mi sínú ìwé. Mo wo bóyá BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti hard disk pa, wà lórí ẹ̀, torí tó bá wà, ó lè bèèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48, ẹni tí kò bá ní i lọ́wọ́ ò ní rí fáìlì ẹ̀ mọ́. Kò sí lórí tèmi. Mo tún lọ wo Settings, System, About, mo kọ irú Windows tó wà níbẹ̀ sílẹ̀: Home ni.

Ó ku fláàṣì tí mo máa fi gbé Windows 10 wọlé. 8GB ló kéré jù, kó má sì ní nǹkan kan nínú torí ó máa nù ún. Mo lọ sí sáìtì Microsoft fúnra wọn, mo wa Media Creation Tool ti Windows 10 jáde, kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n Windows tó máa wà jáde sínú fláàṣì lẹ́yìn náà tóbi, ẹ jẹ́ kí dátà yín tó 6GB kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Òru ni mo ṣe tèmi. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ti ní i nínú fláàṣì o, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ti kì bọ̀ ọ́.

Iná ò ṣeé gbójú lé, mo dúró dìgbà tí bátìrì kún, mo sì ki wáyà bọ inverter ọ̀rẹ́ mi kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ki fláàṣì bọ̀ ọ́, mo tàn án, mo ń tẹ Esc léraléra títí mẹ́nù fi yọ, mo wá tẹ F9, torí HP ni tèmi. Dell àti ọ̀pọ̀ Lenovo, F12 ni. Mo mú fláàṣì, ojú búlúù yọ, mo tẹ "Install now". Nígbà tó bèèrè kọ́kọ́rọ́ ìwé àṣẹ, mo tẹ "I don't have a product key", torí láptọ́ọ̀pù tó bá Windows wá ti ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ nínú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀. Ibi tó ti ní kí n yan irú Windows ni mo ti mú Home tí mo kọ sílẹ̀. Tí mo bá lọ mú Pro ni, kò ní gba àṣẹ.

Ó wá bi mí, "Upgrade" àbí "Custom"? Custom ni. Ó to ìpín hard disk sílẹ̀, ọwọ́ mi gbọ̀n níbí yìí ká sòótọ́. Wọn ò kọ C tàbí D sí i, Partition 1, 2, 3 ni wọ́n ń pè é, títóbi ẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Èyí tó jẹ́ C nìkan ni mo fọ́ómáàtì, mi ò fọwọ́ kan D àti àwọn kékeré yẹn. Mo tẹ Next, mo jókòó tì í. Nígbà tó kú tó fẹ́ tún tàn, mo yọ fláàṣì kó má baà tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Nígbà tó ṣí, kò rí Wi-Fi rárá, draiva ẹ̀ ò sí. Àyà mi já. Mo fi wáyà ṣájà so fóònù mi mọ́ ọn, mo tan USB tethering lórí fóònù, èyí tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lo dátà fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì dé. Mo kọ́kọ́ sáré sọ ọ́ di "metered connection" kí update má baà jẹ dátà mi tán, mo wá wa draiva Wi-Fi àti ti fídíò jáde ní sáìtì àwọn tó ṣe láptọ́ọ̀pù, mo fi orúkọ mọ́dẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ ẹ̀ wá a. Mo wo Activation, ó ti gba àṣẹ fúnra ẹ̀. Mo dá fọ́ǹtì padà, mo lọ sí Language, mo fi Yorùbá kún un kí kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ lè wọlé. Mo fi draiva prínítà sí i, mo tẹ Print, bébà jáde. Mo pariwo, àǹtí aránṣọ sáré wá wò mí.

Windows 10 ṣì ń gba update ọ̀fẹ́ nígbà tí mo ṣe gbogbo èyí. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dá ìyẹn dúró, nítorí náà ẹ má fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá wà lórí ẹ̀. Ètò kan wà tó ń jẹ́ ESU, inú Windows Update la ti ń forúkọ sílẹ̀, kí tiyín sáà jẹ́ 22H2, ìyẹn ẹ̀yà Windows 10 tó jáde kẹ́yìn, ó ń fúnni ní update ààbò títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Mo ti forúkọ tèmi sílẹ̀, mo sì bá àǹtí forúkọ tiẹ̀ náà. Àjọ tí a jọ ń dá lọ́jà, mo ní kí wọ́n fún mi ní ti oṣù kẹjọ ọdún yẹn, owó láptọ́ọ̀pù tó kúnjú ìwọ̀n nìyẹn.