Bí A Ṣe Ń Fi Oúnjẹ Múra Sílẹ̀ fún Iṣẹ́ Abẹ Ìfun: Fún Àgbàlagbà Tó Ní Àrùn Crohn Tàbí Ulcerative Colitis

Àgbàlagbà tí àrùn Crohn tàbí ulcerative colitis, àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ méjì tó ń mú kí ìfun wú kó sì dá ọgbẹ́, ń yọ lẹ́nu sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti joro, nítorí pé ìfun tó wú tó sì dá ọgbẹ́ kì í gba oúnjẹ sára bó ṣe yẹ, inú rírun kì í jẹ́ kí ẹni náà jẹun yó, ìgbẹ́ gbuuru a sì máa kó ìwọ̀nba tó jẹ jáde. Bí a bá gé ìfun irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí a sì rán an pọ̀ láìtíì bọ́ ọ dáadáa, ojú ibi tí a rán lè má jinná, ó lè máa jò sínú ikùn, kòkòrò àrùn a sì ráyè wọ ojú ọgbẹ́. Nítorí náà, ara ìtọ́jú gan-an ni oúnjẹ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ jẹ́, ọjọ́ tí dókítà bá sì kọ́kọ́ dárúkọ iṣẹ́ abẹ ni ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀.

Àwọn ìgbà kan wà tí kò sí àyè ìdádúró. Bí ìfun bá ti lu, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya tí kò dá, tàbí bí ìfun ńlá bá wú gbẹ̀ǹdẹ̀ tí ara sì ń gbóná, iṣẹ́ abẹ ni a ó ṣe lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó tó máa sọ ti oúnjẹ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì le tó bẹ́ẹ̀ ni àlàyé yìí wà fún.

Kí a kọ́kọ́ mọ bí ara ṣe rù tó. Ẹ gun òṣùwọ̀n ní òwúrọ̀ kí ẹ tó jẹun, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ kọ iye tí ẹ bá rí sílẹ̀, kí ẹ sì wá iye tí ẹ wọ̀n ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà sẹ́yìn nínú káàdì ilé ìwòsàn yín. Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó wọ̀n kílò 60 ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, tó wá wọ̀n 53 lónìí. Kílò 7 ló ti bọ́ lára rẹ̀, èyí sì lé ní ìdá 11 nínú 100. ESPEN, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù tó ń ṣe ìlànà lórí bíbọ́ aláìsàn, ka ẹni tó bá rù ju ìdá 10 sí 15 nínú 100 lọ láàárín oṣù mẹ́fà, tàbí tí BMI rẹ̀ (kílò tó wọ̀n, tí a fi gíga rẹ̀ ní mítà pín lẹ́ẹ̀mejì) kò tó 18.5, tàbí tí albumin, èròjà amúaradàgbà kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kò tó gíráàmù 30 nínú lítà kan, mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ńlá, ìmọ̀ràn wọn sì ni pé kí a sún iṣẹ́ abẹ síwájú fún ọjọ́ 7 sí 14 láti fi bọ́ onítọ̀hún. Ẹ má bẹ̀rù láti bi oníṣẹ́ abẹ yín ní ìbéèrè yìí tààrà: ṣé ara mi ti gba iṣẹ́ abẹ, àbí ká dúró díẹ̀?

Bí ẹsẹ̀ bá wú, òṣùwọ̀n lè tan yín jẹ, nítorí omi ló ń wúwo nígbà tí ẹran ara ti lọ. Ẹ wo apá lókè, ẹ wo itan àti ẹ̀bátí. Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ebi nìkan ló ń fa albumin wálẹ̀. Ìfun tó wú àti ọyún tó kó jọ sínú ikùn náà ń fà á. Ẹni tó bá ní irú ọyún bẹ́ẹ̀ ní láti gba oògùn, kí a sì fà á jáde, kí oúnjẹ tó lè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún èròjà irin, folate, fítámì B12, fítámì D àti zinc. Ìparí ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ ni ara ti ń gba B12, ibẹ̀ gan-an sì ni àrùn Crohn fẹ́ràn láti bá jà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló nílò abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹni tí hemoglobin rẹ̀ (èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa) kò tó gíráàmù 10 nínú désílítà kan, tàbí tí àrùn náà ń jà lára rẹ̀ lọ́wọ́, ó sàn kó gba èròjà irin láti ojú iṣan, nítorí pé ìfun tó wú kì í gba oníhóró sára dáadáa, ó sì lè da inú rú sí i.

Nígbà náà ni a ó wá ṣírò oúnjẹ. Nígbà tí àrùn bá ń jà, èròjà amúaradàgbà gíráàmù 1.2 sí 1.5 ni a ń fẹ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, pẹ̀lú nǹkan bíi kálórì 30 fún kílò kan. Fún ẹni kílò 53 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí jẹ́ gíráàmù 64 sí 80, àti kálórì bíi 1,600. Ẹyin méjì ní gíráàmù 12, ẹja sísè tó wọ̀n gíráàmù 100 ní bíi 20, wàrà kọ́ọ̀pù kan ní 8. Ẹyin méjì, ẹja méjì irú rẹ̀ àti wàrà kọ́ọ̀pù méjì fún wa ní 68, ẹ sì rí i pé èyí kì í ṣe oúnjẹ ọlọ́lá.

Ẹni tí ibì kan bá fún nínú ìfun rẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹra fún ohun tó ní háhá tàbí tó yi: àgbàdo sísè, gúgúrú, àgbọn, odidi ẹ̀pà, ọsàn tòun ti háhá rẹ̀, ẹ̀fọ́ tòun ti igi rẹ̀. Ìrẹsì funfun, ẹ̀kọ, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ àti mọ́ínmọ́ín tí a bó ẹ̀wà rẹ̀ tí a lọ̀ kúnná dára fún un. Ògì lásán kò tó gbé ènìyàn ró. Ẹ sẹ́ ẹ dáadáa, ẹ po ó, ẹ lu ẹyin kan sí i nígbà tó ṣì wà lórí iná kó jinná pátápátá, kí ẹ wá fi ìyẹ̀fun wàrà ṣíbí ńlá méjì àti òróró díẹ̀ sí i. Ẹni tí wàrà bá ń da inú rẹ̀ rú lè fi wàrà sóyà tí a sẹ́ rọ́pò rẹ̀. Kí ó jẹ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ dípò oúnjẹ ńlá mẹ́ta.

Bí ohun tí aláìsàn ń jẹ kò bá tó ìdajì ohun tó yẹ fún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, oúnjẹ olómi tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn ń fúnni ló kàn, ní mímu tàbí láti inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tì gba ihò imú wọ inú ikùn. Nínú àrùn Crohn, oúnjẹ olómi yìí nìkan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè mú kí ìfun rọlẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Nínú ulcerative colitis, oúnjẹ gidi ni kí ẹ máa jẹ lọ, fífi ebi pa ìfun kò wo ó sàn. Ìgbà tí ìfun bá dí, tàbí tí kò ṣeé lò, ni a ń gba ojú iṣan bọ́ ènìyàn, nítorí pé ọ̀nà yẹn ní ewu kòkòrò àrùn tirẹ̀. Ẹ má sì ka dírípù ṣúgà sí oúnjẹ: lítà kan èyí tó jẹ́ ìdá 5 nínú 100 kò ju nǹkan bíi kálórì 200 lọ, kò sì sí èròjà amúaradàgbà kankan nínú rẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí ìdílé bá fọkàn balẹ̀ nítorí pé dírípù ń kán, nígbà tí ebi ṣì ń pa ènìyàn wọn.

Ẹni tí kò jẹ ohun gidi fún ju ọjọ́ márùn-ún lọ kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé jẹun ní àjẹyó, torí pé phosphate, potassium àti magnesium inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kí ọkàn má sì lù déédéé mọ́. A ó fún un ní thiamine (fítámì B1) ṣáájú, a ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò ju ìdajì lọ fún ọjọ́ méjì, a ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bí a ti ń fi kún un. Ilé ìwòsàn ni a ti ń ṣe èyí, kì í ṣe ilé.

Ní gbogbo àsìkò yìí, kí aláìsàn jáwọ́ nínú sìgá, kó máa rìn lójoojúmọ́ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, kó sì sọ gbogbo àgbo tó ń mu fún dókítà. Kó má dá prednisolone, oògùn tó ń mú kí ìfun tó wú rọlẹ̀, dúró fúnra rẹ̀. Dókítà ni yóò máa dín in kù. Ààwẹ̀ àdúrà kò yẹ ẹ ní ìgbà yìí. Ìsìláàmù fún aláìsàn láyè láti má gbààwẹ̀, àwọn ará ìjọ náà sì lè bá Kristẹni gba tirẹ̀.

Ní ti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ ni a ṣì ń sọ fún pé kí wọ́n má fi nǹkan kan kan ẹnu láti òru, bẹ́ẹ̀ ìlànà òde òní gbà kí a jẹun títí di wákàtí mẹ́fà ṣáájú, kí a sì mu omi tàbí tíì tí kò ní wàrà títí di wákàtí méjì ṣáájú. Ògì àti wàrà wà lára oúnjẹ, wọn kì í ṣe omi. Ẹni tí ìfun rẹ̀ dí kò sí nínú ètò yìí. Ẹ bi dókítà tó ń fún ènìyàn ní oògùn oorun, kí ẹ sì kọ wákàtí tó bá sọ sínú ìwé kan náà tí ẹ ń kọ ìwọ̀n yín sí, kí nọ́ọ̀sì tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lè rí i.